Ọgbà Tó Tẹ Orí Sínú

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gun irin ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Mo mọ̀ pé ìwé ò lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìbéèrè àlàáfíà, pé lẹ́tà tí ò bá kọ́kọ́ kí èèyàn dà bí àlejò tó wọlé láìkanlẹ̀kùn. Nítorí náà mo dúró díẹ̀ níbí kó o lè dáhùn. Ó dáa. A dúpẹ́.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka á máa bá wa ṣọ́ ọ lórí afárá. Irin ò ní já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀ lórí àkàbà, iná tó o fi ń jó irin ò ní jó ọ lójú. Ibi tó o bá gùn lọ, layọ̀ layọ̀ lo máa sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n fi àmín sí i fúnra mi, torí ó lè ti rẹ̀ ọ́ nígbà tó o bá ń kà á. Àmín.

Gbogbo wa wà nílé, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà láìdi ògiri mú. Páànù orí yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ń jò sí, a ti gbé garawa síbẹ̀, èmi àti páànù náà ti mọwọ́ ara wa. Èmi ṣì ń sọgbà bí mo ṣe ń ṣe, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ti ilé adìẹ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, adìẹ mẹ́ta tó fẹ́ dán an wò ti padà sẹ́yìn, wọ́n ti gba kádàrá.

Bàbá rẹ kékeré ṣì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń fi etí ka ọkọ̀ tó ń kọjá ní títì márosẹ̀. Á kàn dédé sọ pé èyí tó kọjá yẹn, jíà kẹta rẹ̀ ń ké, kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bí ẹni pé ẹni tó ni ọkọ̀ ń gbọ́. O mọ̀ pé látìgbà tí òkò ti wá láti orí afárá wa yìí, tó fọ́ gíláàsì iwájú lọ́rì rẹ̀, tí ojú ọ̀tún rẹ̀ bá a lọ, kò jókòó síwájú ọkọ̀ mọ́. Bí a bá ń gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀yìn pátápátá ló ń lọ, bí a bá sì ti fẹ́ gba abẹ́ afárá, á pa ojú kan tó kù dé. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ju òkò náà títí dòní. Wọ́n ní àwọn ọmọdé tó ń ṣeré ni. Mi ò sọ èyí láti fi ba lẹ́tà jẹ́, ó wà nínú ohun tí mo fẹ́ rò fún ọ ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ fọ́tò. Fọ́tò rẹ wọ inú fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá rẹ ló kọ́kọ́ rí i. Ó pariwo, mo rò pé ejò ni, mo gbé igi. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ mo rí ọ tó o dúró lórí afárá, o dé fìlà líle, o wọ ẹ̀wù tó ń tàn yòò, ọgbà irin gígùn wà lẹ́yìn rẹ tó ga tó èèyàn méjì, ọkọ̀ sì ń kọjá nísàlẹ̀ bí èèrà. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, iṣẹ́ wa rèé, a parí ẹ̀ lánàá. Ọmọ yìí, mi ò lè purọ́, orí mi wú. Mo wo ẹ̀yìn wò bóyá bàbá mìíràn wà nínú ilé tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó lè rí ojú rẹ dáadáa. Bó ṣe ń fẹ̀ ẹ́ ni ọgbà náà ń fẹ̀ lójú mi, tí ihò ara wáyà rẹ̀ ń tóbi sí i. Mo gbá a lọ́wọ́ mú. Mo ní ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́ ni, iṣẹ́ tí wọ́n parí lánàá? Ó ní fọ́tò ni. Mo ní mo mọ̀ pé fọ́tò ni, ṣùgbọ́n wáyà ni wáyà ń jẹ́, bí èèyàn bá ń fà á lójoojúmọ́, á dẹ̀. Láti ọjọ́ náà a ò fẹ̀ ẹ́ mọ́, a kàn ń sún mọ́ ọn ni. Bí o bá rí ibì kan tó dẹ̀ lára ọgbà náà, lápá òsì, níbi tó bá èjìká rẹ dọ́gba, jọ̀ọ́ má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ìyá rẹ ni.

Mo gbé fóònù náà káàkiri àdúgbò. Mo fi han obìnrin tó ń bá wa gba iná sínú fóònù, kò gba owó iná lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Mo fi han Télọ̀ tó wà lódìkejì wa. O ṣáà mọ Télọ̀, ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Ó wò ó títí, ó ní kí ló wà nínú ọgbà yìí? Mo ní afárá ni. Ó ní afárá ò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá lọ, kí ni wọ́n wá ń sọgbà yí i ká fún? Ó ní àwọn ọmọ ẹlòmíràn lọ sí ìlú ńlá, wọ́n ń kọ́lé, ọmọ tiwa lọ, ó ń sọgbà fún afẹ́fẹ́. Àwọn tó wá gba aṣọ rẹ́rìn-ín. Mo ní Télọ̀, abẹ́rẹ́ bó ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, ó sì yẹ kí ìwọ mọ̀ jù wá lọ, torí òun ló ń bọ́ ọ. Mo jáde, mo gbé àyà síwájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bá mi wọlé.

Ìgbà tí mo délé mo tún wo fọ́tò náà, mo wò ó bí oníṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo dé orí rẹ̀, ọkàn mi já. Orí ọgbà náà tẹ̀ sínú.

Abẹ́rẹ́, ogójì ọdún ni mo ti fi ń sọgbà fún àwọn ará ibí. Mo sọ ti adìẹ, mo sọ ti ewúrẹ́, mo sọ ti ilé ìwé, mo sọ ti ilé àwọn tó lówó tí wọn ò fẹ́ kí a rí i. Kò sí èyí tó wó rí àfi ọ̀kan tí ọkọ̀ kọlù, ọkọ̀ náà ló sì bàjẹ́ jù. Òfin kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa orí ọgbà ni pé ibi tí ọ̀tá ti ń bọ̀ ló ń kọjú sí. Bí olè bá ń ti ìta bọ̀, orí ọgbà á tẹ̀ síta kó má lè gùn ún. Tìrẹ wá tẹ̀ sínú, sọ́dọ̀ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí afárá. Ìyẹn ni pé bí olè kan bá ti orí títì márosẹ̀ nísàlẹ̀ fò sókè, ọgbà rẹ á kàn fà á wọlé, á ní káàbọ̀. Mo ní yéè, ọmọ mi ti gbé ẹ̀yìn ọgbà síwájú. Mo tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀, bàtà rẹ ńlá méjèèjì ló dí mi lójú, ìyẹn náà tún dá kún ìbẹ̀rù mi. O mọ ohun tí mo máa ń sọ, pé ọgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá kanlẹ̀, ewúrẹ́ ló sọ ọ́.

Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. O ti sọ fún wa pé ní òpin oṣù yìí ni wọ́n máa mú ẹni tó máa ṣe ọ̀gá àwọn tó ń jó irin ní afárá tó kàn, pé èèyàn mẹ́ta ni wọ́n ń wò, o wà nínú wọn. Mo wá ń rò ó pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i pé odindi ọgbà kọjú síbi tí kò yẹ, ta ló tún máa rántí pé ọwọ́ rẹ yá? Ọ̀gá kẹ̀, ilé ni wọ́n máa ní kó o máa lọ.

Ẹ̀bi mi sì ni. Àbí o rò pé mo ti gbàgbé? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́, mò ń sọgbà ilé ìwé yín, o wá dúró tì mí, o ní kí n jẹ́ kó o di ẹ̀mú tí mo fi ń gé wáyà mú. Mo ní ọwọ́ obìnrin ò bá ẹ̀mú mu, kó o lọ bá ìyá rẹ. Mo sọ fún gbogbo ayé pé ọmọkùnrin tí mo bá bí ló máa jogún ẹ̀mú náà. Ọmọkùnrin ò dé. Ẹ̀mú wà lórí ìṣó rẹ̀, ìwọ náà sì wà lórí òkúta rẹ lọ́ọ̀ọ́kán, níbikíbi tí mo bá ti ń ṣiṣẹ́, o gbé ọwọ́ lérí orúnkún, ò ń wo ọwọ́ mi, èmi ń ṣe bí ẹni tí ò rí ọ. Ọjọ́ tó o ní o fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ irin jíjó ní ìlú ńlá, ta ló bínú tí kò sin ọ́ dé ibi ọkọ̀? Èmi ni. Mo wá jókòó ti fọ́tò yìí, mo ń sọ fún ara mi pé, ká ní o kọ́ ọmọ yìí ni, ọgbà rẹ̀ ì bá mọ ibi tó máa kọjú sí.

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Obìnrin kan ló ń gbé e, ó ní o ò sí nítòsí. Mo ní kó bá mi sọ fún ọ kó o sáré yí ọgbà náà padà kí àwọn ọ̀gá tó dé. Ohun kan náà ló tún ń sọ fún mi. Ohùn rẹ̀ dùn o, ṣùgbọ́n kì í jíṣẹ́, bí o bá di ọ̀gá, bá mi fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo wọ aṣọ ìgbéyàwó mi, mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó títì ní ìlú iwájú wa, torí mo ti gbọ́ pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn àti ti ìlú ńlá jọ ń ṣe. Èrò mi ni pé bí mo bá tètè bá ọ jẹ́wọ́, wọ́n á ṣàánú. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n má lọ, pé mo fẹ́ dá sí ohun tí kò kàn mí, pé bí wọn ò bá tiẹ̀ tíì rí àṣìṣe náà, èmi ni mo máa lọ fi hàn wọ́n. Mo ní obìnrin, o ò mọ̀ nípa ọgbà.

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu fèrèsé kékeré kan ò jẹ́ kí n ro ẹjọ́, ó ti fọ́ọ̀mù kan sí mi. Mo lọ jókòó, mo fara balẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n bèèrè ohun tó bàjẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ, mo wá pa á rẹ́, mo ní kò tíì bàjẹ́, ó kàn kọjú síbi tí kò yẹ ni, ó ṣì lè padà. Wọ́n bèèrè bó ṣe ga tó. Mo ní ó fi orí kan ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ta ló ń bójú tó o. Mo ní Ọlọ́run ni, lẹ́yìn náà èmi àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ǹjẹ́ ó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá? Mo ní rárá, ó máa ń tètè bínú bí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lu èèyàn. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi ìlà yí ibì kan ká, wọ́n ní ti ọ́fíìsì nìkan ni. Mo ní kò dáa kí n kọ gbogbo èyí kí n má kí ọ́fíìsì, mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìjókòó, ṣé ilé ń kọ́? Ibi tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù, mo ya ọgbà kékeré kan síbẹ̀, torí iṣẹ́ mi ni àwọn èèyàn mọ̀ ju orúkọ mi lọ.

Akọ̀wé kà á, ó tún un kà, ó dìde, ó gbé e wọ yàrá inú. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo ní ó tán, mo ti ba ti ọmọ mi jẹ́. Obìnrin kan bá jáde sí mi, kò ga, ó fi pẹ́ńsù há etí, kò lè jù ọ́ lọ lọ́dún mẹ́wàá. Wọ́n ní ẹnjiníà àgbà nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó. Ó sáré dì mí mú, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ọmọ yín ni mí.

Ó mú mi wọ yàrá rẹ̀. Fáànù kan ń yí lókè tó ń mi orí bí arúgbó, ìwé tí wọ́n ya afárá sí kún orí tábìlì, lára ògiri ó gé wáyà ọgbà kan kọ́ síbẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọn. Mo fọwọ́ kan wáyà náà kí n tó jókòó. Wáyà gidi ni. Mo gbé fọ́tò rẹ fún un, mo ro gbogbo ẹjọ́ mi, mo ní ẹ̀bi rẹ kọ́, èmi ni mi ò kọ́ ọ, bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ẹnì kan wá yí i padà, èmi á wá, mi ò ní gba nǹkan kan. Ó wo fọ́tò, ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní:

“Bàbá, kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ẹni tó wà lórí afárá àti ẹni tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ọgbà yẹn ń ṣọ́.”

Ó wá là á yé mi bí ẹni ń la ọ̀nà fún àlejò. Ó ní òkò ọwọ́ ọmọdé, ìgò ọwọ́ ọ̀mùtí, ẹrù tó yọ̀ lórí ẹni tó ti rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń já bọ́ sórí títì, ọkọ̀ tó sì ń sáré nísàlẹ̀, òkúta tí kò tó ẹyin lè pa ẹni tó ń wà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọgbà sí i, tí orí rẹ̀ sì ń tẹ̀ sínú kí ẹnikẹ́ni má lè gùn ún kọjá. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní nígbà mìíràn ẹnì kan á dá wá sórí afárá, ayé á ti sú u, ọkàn rẹ̀ á wúwo, ọgbà yẹn ló máa dá a dúró títí ẹlòmíràn á fi dé bá a, tí á bá a sọ̀rọ̀, tí á mú un lọ sílé. Ó ní òun mọ irú wọn tó wà láàyè lónìí, tí inú wọn sì dùn pé àwọn wà.

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi o. Ogójì ọdún ni mo fi ń sọgbà lé nǹkan sẹ́yìn, kò yé mi rí pé èèyàn lè sọgbà láti fi di èèyàn mú. Mo rántí lọ́rì àbúrò mi, mo rántí bí a ṣe ń ṣa gíláàsì lára ìjókòó rẹ̀. Mo sunkún níwájú ọmọbìnrin yẹn, mi ò sì tijú.

Ó bi mí pé ẹgbẹ́ wo lo wà nínú àwọn oníṣẹ́, ó pe ẹnì kan ní ìlú ńlá, ó jẹ́ kí fóònù náà máa sọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́. Ọkùnrin kan dáhùn. Ẹnjiníà ṣàlàyé ẹni tó ń wá fún un, ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Ìyá Ewúrẹ́ ni? Inú bí mi. Mo tẹ̀ sí fóònù náà, mo ní ọmọ mi kì í sin ewúrẹ́, bàbá rẹ̀ nìyí. Ọkùnrin náà ní Bàbá, ẹ má bínú, orúkọ ọlá ni.

Ó wá sọ fún wa. Ó ní ìwé tí wọ́n ya ọgbà sí, tí àwọn ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí yín láti òkè, fi àyè sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọgbà, ó fẹ̀ tó ọwọ́ èèyàn. O ní kò dáa. Wọ́n ní bí ìwé ṣe wí nìyẹn. O ní ìwé ò mọ ewúrẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. O ò bá wọn jà, o gbé ìgò òfìfo kan, o fi ẹsẹ̀ rọra tì í, ìgò yí gba abẹ́ ọgbà kọjá, ó já bọ́ sórí títì tí wọ́n ti dí, ó fọ́ yángá. Ó ní kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n dá ìwé náà padà sókè, wọ́n tún un yà, gbogbo ọgbà tí ẹ sọ láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Ó ní ọ̀gá àgbà pàápàá pè ọ́, ó ní níbo lo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, o sì dúró ṣánṣán, o ní:

“Bàbá mi ló ń sọ ọ́. Ọgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá kanlẹ̀, ewúrẹ́ ló sọ ọ́. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́.”

Ọmọ mi, irọ́ lo pa. Mi ò kọ́ ọ. Orí òkúta lo jókòó sí, mo sì kẹ́yìn sí ọ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ òótọ́ kan rí láyé mi tó dùn tó irọ́ yẹn.

Ẹnjiníà náà ní fọ́ọ̀mù mi ò ní ẹjọ́ kankan nínú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti délé ẹjọ́, kí n má lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ti sọ ti òkò àbúrò mi fún un. Ó mú fọ́ọ̀mù mìíràn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá mi kọ ọ́ nítorí afárá tiwa yìí, ó ní òun ò ṣèlérí, ṣùgbọ́n wọ́n á wá wọ̀n ọ́n. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ó bẹ̀ mí kí n fi sílẹ̀ fún òun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi wà lára ìwé ìjọba báyìí.

Ìgbà tí mo délé mo rò ó fún wọn, ìyá rẹ ò sọ ju pé ṣé mo sọ fún ọ, lẹ́ẹ̀mẹta. Télọ̀ ti gbọ́ kí n tó bọ́ bàtà. Ó sọdá wá, ó dúró, ó ń fọwọ́ ra orí, ó ní ìyàwó òun ń ru aṣọ gba orí afárá wa níbí kọjá lójoojúmọ́, ṣé kí òun tún fọ́tò náà wò. Mo jẹ́ kó wò ó. Báyìí, bí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní ẹ ò mọ̀ pé ọmọ àdúgbò wa ló ń sọgbà orí afárá, òun lòun máa ń rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Mi ò já a nírọ́. Ó rán ẹyọ kan lóòótọ́, apá kan gùn ju èkejì lọ.

Bàbá rẹ kékeré náà dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó gba fóònù náà, ó gbé e sún mọ́ ojú òsì rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi kan án, ó rọra fi ìka tọ orí ọgbà náà. Fọ́tò yẹn sá lọ, mo bá a mú un padà. Ó tún wò ó, kì í ṣe ìwọ ló ń wò, àwọn ọkọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ni. Ó ní:

“Awakọ̀ tó ń kọjá yìí ò mọ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n á délé.”

Ó dá fóònù padà fún mi, ó wọlé. Èmi náà wọlé, mo yọ ẹ̀mú lórí ìṣó.

Ó wà nínú ẹrù tí lẹ́tà yìí wà, mo fi aṣọ wé e. Bí o bá tú u, má rò pé wọ́n ṣì í rán. Tìrẹ ni. Ẹnu rẹ̀ ṣì mú, ìdí rẹ̀ kan wọ́ díẹ̀ nítorí pé òun àti àtàǹpàkò mi ni wọ́n jọ dàgbà, ìwọ náà á bá a mọwọ́. Máa fi òróró sí i ní ìparí ọ̀sẹ̀, má yá ẹnikẹ́ni, pàápàá ọkùnrin tó ń pè ọ́ ní Ìyá Ewúrẹ́. Mo mọ̀ pé iná lẹ fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé ẹ ò nílò ẹ̀mú arúgbó. Jẹ́ kó máa wà nínú àpò rẹ. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe ọ̀gá ní òpin oṣù, a ó jó. Bí wọn ò bá sì fi ọ́ ṣe é, èmi ti fi ọ́ ṣe é, ìṣó tó wà lára ògiri ṣófo, kí gbogbo ayé wá wò ó.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ìyá rẹ ní kí n má bèèrè, ó wá ní bí mo bá sì fẹ́ bèèrè, kí n má gbàgbé òróró orúnkún òun. Páànù kan péré la nílò fún yàrá ẹ̀yìn, bí ọwọ́ rẹ ò bá tó o, garawa ò tíì kú. Fi í sí báńkì bó o ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kí n má sọ nọ́ńbà àṣírí káàdì yẹn fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ ọ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú ilé kí n má bàa gbàgbé, Télọ̀ náà ti bá mi há a sórí. Ohun tó ká mi lára jù ni owó ọkọ̀ èèyàn mẹ́ta, àlọ àti àbọ̀. A fẹ́ wá gba abẹ́ afárá rẹ kọjá. A ò ní yọ ọ́ lẹ́nu, a ò ní kọ́ ọ níṣẹ́, a kàn fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ká yí padà, ká tún gbà á.

Bí o ṣe ń di ọmọ ọlọ́mọ mú, Ọlọ́run á máa di ọ́ mú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á pẹ́ ju èmi lọ, á pẹ́ ju ìwọ náà lọ. Àwọn tí ò mọ orúkọ rẹ á máa délé nítorí rẹ. Ọmọ tí ìwọ náà máa bí, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, tó bá ní kó o jẹ́ kí òun di ẹ̀mú mú, ọwọ́ rẹ á yá láti fún un. Àmín, mo ti bá ọ ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń sọgbà nílé, tí orí rẹ̀ ń wú lójoojúmọ́.

Dúró ná, mo ti fẹ́ lẹ ẹnu ìwé yìí pọ̀. Bàbá rẹ kékeré ló kanlẹ̀kùn. Ó ní kí n kọ ọ́ kún un pé lọ́jọ́ tí a bá ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá àyè fún òun lẹ́yìn ọkọ̀ o. Iwájú lòun máa jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, bí a bá sì dé abẹ́ afárá rẹ, òun ò ní pa ojú dé.